Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì: Gbèdéke wà fún ìtànṣán rẹ̀, àmọ́ ta ló ti rí èsì ìwọ̀n?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun ní Èkó, Àbújá, Accra tàbí Cotonou. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, ọkọ̀ akẹ́rù kan á já irin kalẹ̀ sínú ọgbà ilé kan. Kó tó pẹ́, òpó gogoro kan á ti yọrí sókè ju òrùlé gbogbo ilé tó wà ládùúgbò lọ.

Onílé tó fi ilẹ̀ sílẹ̀ ti fọwọ́ sí ìwé, ó sì ti gba owó. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ ò rí ìwé, wọn ò sì rí owó. Òpó nìkan ni wọ́n rí.

Láti ọjọ́ náà lọ, kò sí ẹ̀fọ́rí tó máa ṣe ọmọdé ládùúgbò tí wọn ò ní na ìka sí òpó yẹn. Bí oyún bá bàjẹ́ lára obìnrin kan, òpó ni. Bí dókítà bá sọ fún bàbá kan pé jẹjẹrẹ ló ń ṣe é, òpó náà ni. Bí wọ́n bá ránṣẹ́ pe àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ tó ni ín, gbólóhùn kan ṣoṣo ni wọ́n máa ń gbọ́: "Ó wà ní ìbámu pẹ̀lú ìlànà àgbáyé." Lẹ́yìn náà, àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ á wọ ọkọ̀ wọn, ó di gbéré.

Lọ́pọ̀ ìgbà, òótọ́ ni gbólóhùn náà. Ibi tó ti kù díẹ̀ káàtó ni pé kò sí ohun tí wọ́n fi han aládùúgbò tó lè mú kó gbà á gbọ́. Ẹni tó ń ra gàrí lọ́jà kì í kọ ẹ̀yìn sí ìyá alátẹ nígbà tí ó bá ń wọn kóńgò. Àmọ́ lórí ọ̀rọ̀ ìtànṣán òpó, ńṣe ni wọ́n ní kí gbogbo ìlú kọ ẹ̀yìn síbẹ̀, kí wọ́n sì gbà pé òṣùwọ̀n náà pé.

Irú ìtànṣán wo gan-an ni?

Ọ̀rọ̀ náà 'ìtànṣán' wà lára ohun tó ń dá ìpayà sílẹ̀. Bí àwọn èèyàn bá ti gbọ́ ọ, ohun tó máa ń wá sí wọn lọ́kàn ni àdó olóró tí wọ́n jù sí Hiroshima, tàbí yàrá x-ray nílé ìwòsàn, níbi tí wọ́n ti máa ń kìlọ̀ fún aláboyún pé kó tètè sọ̀rọ̀ kó tó wọlé.

Àmọ́ oríṣi méjì ni ìtànṣán. Ti x-ray àti ti àdó olóró lágbára débi pé ó lè fọ́ àwọn èròjà tín-tìn-tín inú ara, kó sì ba DNA jẹ́. Ìgbì rédíò ní tirẹ̀, èyí tí fóònù, tẹlifíṣàn, ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àwọn ọlọ́pàá àti òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń lò, kò ní irú agbára bẹ́ẹ̀ rárá. Kódà, ìmọ́lẹ̀ oòrùn lágbára jù ú lọ lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun tí ìgbì rédíò lè ṣe, tí gbogbo onímọ̀ sì fẹnu kò lé lórí, ni pé ó lè mú ara gbóná bó bá pọ̀ jù. Ohun náà ni wọ́n ń lò nínú ẹ̀rọ microwave tí àwọn èèyàn fi ń gbé oúnjẹ gbóná.

Nítorí náà, kò wúlò kéèyàn máa béèrè bóyá ìtànṣán ń jáde lára òpó. Ó ń jáde. Bí kò bá jáde, ìpè ò ní wọlé. Ìbéèrè tó yẹ ni pé báwo ló ṣe pọ̀ tó níbi tí ọmọ ń sùn sí?

Bí wọ́n ṣe ṣírò gbèdéke náà

Ìgbìmọ̀ onímọ̀ àgbáyé kan wà tó ń rí sí ààbò lọ́wọ́ irú ìtànṣán yìí. ICNIRP ni wọ́n ń pè é. Ọdún 1992 ni wọ́n dá a sílẹ̀, Jámánì sì ni ibùjókòó rẹ̀ wà. Ọdún 1998 ló gbé ìlànà lórí ìgbì rédíò jáde, ó sì tún un ṣe ní oṣù Kẹta ọdún 2020. Ìlànà yìí ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀ lé, òun náà sì ni àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, NCC, máa ń tọ́ka sí.

Bí wọ́n ṣe ṣírò rẹ̀ kò le láti yé èèyàn. Àwọn onímọ̀ rí i pé bí gbogbo ara bá gba bíi wáàtì 4 lórí kílógíráàmù kọ̀ọ̀kan, ooru inú ara lè lọ sókè ní bíi dígírì 1. Wọ́n wá pín iye yẹn sí ọ̀nà 10 fún àwọn òṣìṣẹ́ tó mọ̀ nípa ewu rẹ̀, ó ku 0.4. Fún àwọn ará ìlú yòókù, ọ̀nà 50 ni wọ́n pín in sí, ó ku 0.08. Torí àwọn ọmọdé, aláboyún, arúgbó àti aláìsàn wà lára ará ìlú ni wọ́n ṣe dín tiwọn kù tó bẹ́ẹ̀.

Bí afárá kan bá lè gbé akẹ́rù 50 kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í mì, tí ìjọba wá pàṣẹ pé akẹ́rù 1 péré ló gbọ́dọ̀ gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà, bí gbèdéke yìí ṣe rí nìyẹn.

Níwọ̀n bí kò ti sí bí wọ́n ṣe lè ti ẹ̀rọ ìwọ̀n bọ inú ara èèyàn, wọ́n yí i padà sí ohun tí wọ́n lè wọ̀n nínú afẹ́fẹ́, ìyẹn iye wáàtì tó ń kọjá lórí mítà kan níbùú lóròó. Fún òpó tó ń lo 900 megahertz, wáàtì 4.5 ni gbèdéke fún ará ìlú. Fún 1,800 megahertz, wáàtì 9 ni. Láti 2,000 megahertz lọ sókè, tó fi mọ́ 3,500 tí wọ́n ń lò fún 5G ní Nàìjíríà, wáàtì 10 ni.

Àjọ elétò ìlera lágbàyé, WHO, sọ lọ́dún 2006 pé ohun tí wọ́n wọ̀n nítòsí àwọn òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì jẹ́ láti ìdá 0.002 sí ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún gbèdéke náà. Ní Britain, àjọ Ofcom lọ wọ̀n ọ́n ní ìdí àwọn òpó 5G ní ìlú 10, ó sì gbé èsì jáde lọ́dún 2020: èyí tó pọ̀ jù lọ nínú gbogbo ohun tí wọ́n rí kò ju bíi ìdá 1.5 nínú ọgọ́rùn-ún gbèdéke lọ.

Ohun tí sáyẹ́ǹsì ò tíì parí

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi apá kan ọ̀rọ̀ pamọ́. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2011, ẹ̀ka WHO tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ, IARC, fi ìgbì rédíò sí ìpele 2B, ìyẹn àwọn ohun tí 'ó ṣeé ṣe' kó fa jẹjẹrẹ. Ohun tó fa èyí ni àwọn ìwádìí kan lórí àwọn tó ń fi fóònù sétí fún wákàtí púpọ̀, kì í ṣe lórí àwọn tó ń gbé nítòsí òpó. Ìpele kan náà ni wọ́n fi àgbo ewé aloe vera sí.

Láti ìgbà náà, ìwádìí ti pọ̀ sí i. Lọ́dún 2024, àwọn onímọ̀ tí WHO gbé iṣẹ́ fún kó ìwádìí 63 jọ, èyí tí wọ́n ṣe láàárín ọdún 1994 sí 2022. Wọn ò rí i pé lílo fóònù ń fa jẹjẹrẹ inú ọpọlọ.

Síbẹ̀, àwọn onímọ̀ kan ṣì ń jiyàn pé ooru nìkan ni gbèdéke ICNIRP wò, àti pé ó yẹ kí wọ́n túbọ̀ ṣọ́ra. India gbà pẹ̀lú irú èrò yẹn. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2012, ó dín gbèdéke ti òpó kù sí ìdá kan nínú mẹ́wàá ti ICNIRP.

Àwọn àgbà ní igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti í wò ó. Ẹni tó bá fi òwe yìí gbe àwọn tó ń bẹ̀rù òpó lẹ́yìn kò ṣàṣìṣe. Àmọ́ òwe náà ní kí á wò ó ni, kò ní kí á máa méfò. Wíwò tó bá ọ̀rọ̀ yìí mu ni kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n wá síbẹ̀.

Fóònù ọwọ́ àti òpó ojú ọ̀nà

Ọ̀pọ̀ èèyàn tó ń bẹ̀rù òpó ló ń gbé fóònù sábẹ́ ìrọ̀rí sùn. Bẹ́ẹ̀, fóònù tó lẹ̀ mọ́ etí ló ń fún orí ní ìgbì tó pọ̀ jù, kì í ṣe òpó tó wà lódìkejì títì.

Ìdí ni pé ìgbì máa ń rọ̀ kíákíá bó bá ṣe ń rìn jìnnà. Bí èèyàn bá kúrò ní mítà 10 sí antẹ́nà, tó lọ dúró sí mítà 20, ohun tó ń bà á á dín kù sí ìdá kan nínú mẹ́rin. Bó bá dé mítà 100, ó di ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Bákan náà, iwájú ni antẹ́nà máa ń tan ìgbì sí bíi tọ́ọ̀ṣì, kì í dà á sílẹ̀ bí omi. Ẹni tó ń ta bọ́ọ̀lì nídìí òpó lè má rí nǹkan kan gbà tó tó ti ẹni tó ń gbé àjà kẹta ilé tó dojú kọ antẹ́nà náà gan-an. Ilé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí ọ̀pọ̀ ò mọ̀. Bí òpó bá jìnnà, fóònù á máa lo agbára tó pọ̀ kí òpó tó lè gbọ́ ọ. Bí òpó bá wà nítòsí, ohùn jẹ́jẹ́ ló máa fi sọ̀rọ̀. Èyí túmọ̀ sí pé àdúgbò tó bá lé òpó lọ lè jẹ́ pé ńṣe ló ń fi kún ìgbì tó ń wọ orí àwọn ọmọ rẹ̀ láti inú fóònù.

Ilé iṣẹ́ rédíò náà ò gbọ́dọ̀ yọ ara rẹ̀ sílẹ̀. Antẹ́nà nẹ́tíwọ́ọ̀kì sábà máa ń lo wáàtì mẹ́wàá mẹ́wàá, nígbà tí ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ rédíò FM ń lo ẹgbẹẹgbẹ̀rún wáàtì. Ìgbì FM, láti 87.5 sí 108 megahertz, tún wà lára èyí tí ara èèyàn máa ń gbà jù, ìdí nìyẹn tí gbèdéke tirẹ̀ fi le jù, ìyẹn wáàtì 2 lórí mítà kan níbùú lóròó. Ẹni tó ń pe orí ètò rédíò láàárọ̀ láti bú òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lè má mọ̀ pé òpó tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde lágbára ju èyí tó ń bú lọ ní ọ̀pọ̀ ìlọ́po. Àmọ́ ó ṣọ̀wọ́n kí wọ́n jíròrò rẹ̀ lórí rédíò.

Ohun tí ọdún 2020 kọ́ni

Bí òótọ́ ò bá tètè dé, irọ́ á ti jókòó sórí àga rẹ̀. Gbogbo ayé ló rí èyí lásìkò àrùn kòrónà.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, àwọn èèyàn dáná sun ọ̀pọ̀ òpó ní Britain nítorí ahesọ pé 5G ló ń fa àrùn náà. Ní Nàìjíríà, ahesọ gbòde pé torí kí wọ́n lè ráyè ri òpó 5G mọ́lẹ̀ ni ìjọba ṣe sé Èkó àti Àbújá mọ́. Wọ́n pín fọ́nrán lórí WhatsApp, ìwàásù náà ò gbẹ́yìn.

Bẹ́ẹ̀, kò sí 5G ní Nàìjíríà nígbà náà. Ìdánwò oṣù mẹ́ta ni wọ́n ṣe ní ìparí ọdún 2019, NCC sì sọ pé àwọn ò tíì fún ẹnikẹ́ni níwèé àṣẹ. Oṣù Kejìlá ọdún 2021 ni wọ́n tó ṣe gbàǹjo ìgbì 5G, tí MTN àti Mafab sì jáwé olúborí. Àrùn ti wọ orílẹ̀-èdè náà ní ohun tó lé ní ọdún kan àbọ̀ ṣáájú.

Ó rọrùn láti fi àwọn tó gba ahesọ yẹn gbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nílẹ̀ fún wọn láti gbà gbọ́. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2001 tí GSM ti dé Nàìjíríà, òpó ti yí wọn ká fún ọdún 19, kò sì sí ẹni tó tíì wá sí àdúgbò wọn láti fi nọ́ńbà kan hàn wọ́n. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n rò ó sí. Ìgbà tí iná ti ń jó ni àwọn aláṣẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú àlàyé náà.

Àjọ méjì, mítà 5 àti mítà 10

Àwọn aláṣẹ fúnra wọn dá kún ìdàrúdàpọ̀ yìí. NCC gbé ìlànà lórí òpó jáde lọ́dún 2009. Mítà 5 ló ní kó wà láàárín òpó àti ilé tó bá sún mọ́ ọn jù. Lọ́dún 2011, òfin àjọ tó ń bójú tó àyíká, NESREA, jáde. Mítà 10 ni tirẹ̀.

Lọ́dún 2012, awuyewuye náà di ti ìta gbangba ní Àbújá. NESREA ti òpó kan pa nínú ẹ̀sítéètì kan, NCC sì ta ko ìgbésẹ̀ náà. Àjọ ìjọba kan ní òpó náà léwu, àjọ ìjọba kejì ní kò séwu. Ta ni kí ìyá tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ gbọ́ tirẹ̀?

Ohun tí ọ̀pọ̀ ò tún mọ̀ ni pé mítà 5 tàbí mítà 10 yẹn kì í ṣe òṣùwọ̀n ìtànṣán. Bí òpó bá wó ńkọ́, ariwo àti èéfín ńkọ́? Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni jíjìnnà sí ilé lè yanjú. Òpó kan lè wà ní mítà 12 sí ilé, kí antẹ́nà rẹ̀ sì dojú kọ fèrèsé. Òmíràn lè wà ní mítà 6, kí ìgbì rẹ̀ gba orí òrùlé kọjá. Okùn tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ kò lè wọn ìgbì.

Jẹnẹrétọ̀ tó wà nídìí òpó

Nǹkan kan wà ní ìdí òpó tí ojú rí, tí imú ń gbóòórùn, tí etí sì ń gbọ́ tọ̀sán tòru. Jẹnẹrétọ̀ ni. Níbi tí iná mọ̀nàmọ́ná ò ti dúró sójú kan, epo dísù ló ń gbé ọ̀pọ̀ òpó ró.

Ní oṣù Kẹfà ọdún 2012, ẹ̀ka WHO kan náà tó ní 'ó ṣeé ṣe' kí ìgbì rédíò fa jẹjẹrẹ, fi èéfín ẹ̀rọ tó ń lo dísù sí ìpele kìíní. Ìpele yẹn wà fún àwọn ohun tí ẹ̀rí ti fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n ń fa jẹjẹrẹ. Ibẹ̀ ni sìgá wà.

Ẹ gbé méjèèjì sórí òṣùwọ̀n kan náà. Ohun tó wà lórí òpó, wọ́n ti ń ṣèwádìí rẹ̀ fún ọgbọ̀n ọdún, iyèméjì ni wọ́n ṣì wà. Ohun tó wà nídìí òpó, wọn ò ṣiyèméjì mọ́. Síbẹ̀, ìwé ẹ̀hónú tí àwọn aládùúgbò ń kọ sábà máa ń sọ̀rọ̀ nípa ìtànṣán, jẹnẹrétọ̀ á sì wà ní ìlà tó kẹ́yìn, bó bá tiẹ̀ wà níbẹ̀ rárá.

Bó ṣe rọrùn fún àwọn ilé iṣẹ́ nìyẹn. Bí aládùúgbò bá pariwo ìtànṣán, wọ́n á mú ìlànà àgbáyé jáde, wọ́n á sì jàre. Bó bá pariwo èéfín tó ń wọ yàrá ọmọ ọwọ́, àti ariwo tí kì í jẹ́ kí arúgbó sùn, kò sí ìlànà àgbáyé kankan tó máa gbè wọ́n lẹ́yìn. Ńṣe ni wọ́n máa ní láti náwó: kí wọ́n gbé e jìnnà sí ilé, kí wọ́n dí ariwo rẹ̀, tàbí kí wọ́n fi agbára oòrùn rọ́pò rẹ̀.

Ẹni tó ń gun òpó

Àwọn kan tún wà tí ọ̀rọ̀ gbèdéke kàn ju ẹnikẹ́ni lọ, tí wọn kì í sì í dárúkọ wọn. Àwọn ni òṣìṣẹ́ tó ń gun òpó láti tún antẹ́nà ṣe, àwọn tó ń kun òpó, àti káfíńtà tí wọ́n pè láti wá tún òrùlé ṣe níbi tí wọ́n gbé antẹ́nà sí lórí ilé.

Iwájú antẹ́nà gan-an ni ìgbì ti lè kọjá gbèdéke, kì í ṣe ní ojú títì. Ó yẹ kí wọ́n pa antẹ́nà náà tàbí kí wọ́n dín agbára rẹ̀ kù kí èèyàn tó dúró síwájú rẹ̀ ṣiṣẹ́. Ó yẹ kí àkọlé ìkìlọ̀ wà níbẹ̀ ní èdè tí káfíńtà lè kà. Ọmọ iṣẹ́ tí wọ́n gbà fún ọjọ́ kan, tí kò gba ẹ̀kọ́ kankan, kò sí nínú àwọn òṣìṣẹ́ tí ICNIRP pín gbèdéke tiwọn sí ọ̀nà 10. Ará ìlú ni.

Bí àwọn mìíràn ṣe ń ṣe é

Kò sí ohun tuntun tí wọ́n fẹ́ kí ìjọba hùmọ̀. Ní ilẹ̀ Faransé, ẹnikẹ́ni lè ní kí wọ́n wá wọn ìgbì inú ilé òun lọ́fẹ̀ẹ́, èsì rẹ̀ á sì jáde sórí àwòrán ilẹ̀ tí gbogbo ayé lè rí lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ní India, ìjọba ṣí ojú òpó Tarang Sanchar lọ́dún 2017, níbi tí ará ìlú ti lè wo àwọn òpó tó yí i ká àti bóyá wọ́n wà lábẹ́ gbèdéke, tó sì lè ní kí wọ́n wá wọ̀n ọ́n.

Ilé iṣẹ́ ńlá náà kì í bọ́ lọ́wọ́ òṣùwọ̀n tó bá ṣiṣẹ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, àjọ ANFR ti ilẹ̀ Faransé wọn iPhone 12, ó rí wáàtì 5.74 lórí kílógíráàmù kan níbi tí gbèdéke ti jẹ́ 4 fún fóònù tó wà lọ́wọ́ tàbí nínú àpò ṣòkòtò. Ó ní kí wọ́n dá títa rẹ̀ dúró. Apple ta ko èsì náà, àmọ́ ó ṣe àtúnṣe sí ètò orí fóònù ọ̀hún.

Kò sí ẹni tí wọ́n ní fóònù yẹn pa. Gbèdéke ọ̀hún ṣì jìnnà sí ibi tí ewu ti bẹ̀rẹ̀. Àmọ́ ọjọ́ tí àwọn èèyàn rí i pé àjọ ìjọba lè sọ fún ilé iṣẹ́ tó tóbi tó bẹ́ẹ̀ pé 'ó ti pọ̀ jù', wọ́n ní ìdí láti gbà á gbọ́ lọ́jọ́ tó bá sọ pé 'kò séwu'.

Ohun tó kù láti ṣe

Ohun mẹ́rin ló yẹ kí àwọn tó ń gbé nítòsí òpó máa béèrè, láti Kano dé Calabar, láti Èkó dé Cotonou.

Àkọ́kọ́, kí wọ́n lẹ èsì ìwọ̀n òpó kọ̀ọ̀kan mọ́ ara ọgbà rẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ tí wọ́n wọ̀n ọ́n àti orúkọ àjọ tó wọ̀n ọ́n, ní èdè àdúgbò. Nọ́ńbà méjì péré ti tó: gbèdéke rèé, ohun tí a bá níbí rèé. Kí ti ilé iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣàn náà wà níbẹ̀.

Ìkejì, kí NCC àti NESREA jókòó, kí wọ́n jáde pẹ̀lú nọ́ńbà kan ṣoṣo. Ará ìlú ò gbọ́dọ̀ máa yan àjọ ìjọba bí ẹni yan aṣọ.

Ìkẹta, kí wọ́n wọn èéfín àti ariwo jẹnẹrétọ̀ lọ́jọ́ kan náà tí wọ́n bá wá wọn ìgbì, kí èsì méjèèjì sì wà lórí ìwé kan náà.

Ìkẹrin, kí ilé iṣẹ́ pe àwọn aládùúgbò jọ kí wọ́n tó ri òpó mọ́lẹ̀, kì í ṣe onílé nìkan. Ẹni tí kò ní gba kọ́bọ̀ nínú owó ilẹ̀ náà, tó sì máa gbé lábẹ́ òjìji rẹ̀ fún ogún ọdún, lẹ́tọ̀ọ́ láti gbọ́ kí ni wọ́n fẹ́ gbé kalẹ̀.

Àwọn ilé iṣẹ́ lè sọ pé owó ńlá ni èyí máa ná àwọn. Àmọ́ bí ohun tí wọ́n ń sọ bá jẹ́ òótọ́, pé òpó wọn ò dé ìdá 2 nínú ọgọ́rùn-ún gbèdéke, kò sí ẹni tí ìwé yẹn máa ṣe láǹfààní jù wọ́n lọ. Òpó tí wọ́n bá dáná sun nítorí ahesọ tún wọ́n ju ẹ̀rọ ìwọ̀n lọ. Aláboyún tó fẹ́ pe ọkọ̀ ìlera lóru tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò sì sí ni yóò san èyí tó pọ̀ jù nínú gbèsè náà.

Títí di ìgbà náà, ìyá kan á ṣì máa ti fèrèsé yàrá ọmọ rẹ̀ lálaalẹ́ nítorí ìtànṣán tí fèrèsé ò lè dá dúró, nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń rọra tú èéfín lábẹ́ ògiri. Kò ṣe é láìdáa. Kò tíì sí ẹni tó fi ìwé hàn án ni.